Orúkọ Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Pe Màámi

Ajé, 3/11/2025

Ìwé yìí wà lára èyí tó ṣẹ́kù nínú àwọn tí a pín fún èrò níbi ìgbéyàwó wa. Àwòrán èmi àti ọkọ mi wà lára èèpo rẹ̀, mi ò sì lè máa wò ó lásán kí n má kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ọkọ mi. Ó wù mí kí n máa kọ ọ́. Tóbi ọkọ mi ń ran báàgì aláwọ níwájú ilé báyìí, mò ń gbọ́ òòlù rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, títí di òní mo ṣì ń jí láàárọ̀ kí n tó rántí pé ilé tèmi ni mo sùn sí.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Owó ọkọ̀ láti Owódé sí Tákìe ti di ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Awakọ̀ ní epo ló fà á. Ọ̀gá Shamsudeen ò sọ púpọ̀. Ó ní, "Ìyàwó, káàbọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà ti lọ ṣe họ́nímúùnù tiẹ̀, kò tíì dé." Fọ́tò márùn-ún ni mo yà, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú kan ṣoṣo ni ọ̀gá sì já, ti pásítọ̀ kan tó ń lọ sí Nairobi.

Mo ṣàṣìṣe nígbà tí mo délé. Mo pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Dámisí létí Ìyá Ràmọ́tà, ìyálé gbogbo wa nínú agbo ilé. Wọ́n fọwọ́ bò mí lẹ́nu. "Ìyàwó, ṣé ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ ni? Wá nǹkan tí o máa pè é kí ilẹ̀ tó mọ́." Mo ti rí i. Eyínfúnjowó ni. Mo ti rí ẹ̀rín rẹ̀ lórí fóònù.

Ọjọ́rú, 5/11

Físà Màámi, ìyá ọkọ mi, dé. Ọmọ ìjọ wọn kan tó ń gbé Èkó ló bá wọn gbà á, ó sì mú pásípọ́ọ̀tù wọn wá nínú àpòòwé fúnra rẹ̀.

Kánádà ni wọ́n ń lọ, sọ́dọ̀ Eyínfúnjowó. Ọjọ́ kejì oṣù tó ń bọ̀ ni dókítà dá fún ìbímọ rẹ̀. Èyí tó bí léṣìí kò dúró. Kò sí ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà náà, wọn ò fún Màámi ní físà. Màámi kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n kàn ra òrí, wọ́n ra ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn ìbílẹ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú garawa kan lábẹ́ ibùsùn wọn. Mo máa ń bá wọn níbi tí wọ́n ti ń wo inú garawa náà.

Wọn ò tilẹ̀ tú àpòòwé náà kí wọ́n tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì fi aṣọ funfun wé e, ó gbé e sábẹ́ pẹpẹ. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u títí di Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ká má sì sọ ọjọ́ ìrìnàjò síta. A ṣe àmín. Tèmi ló ròkè jù. Obìnrin kan yíjú wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó tuntun ni, ẹ jẹ́ ó ké."

Ẹtì, 7/11

Mo já tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ mi lónìí.

Bọ̀dá Ọládépò, ọkọ Eyínfúnjowó, pè láti Kánádà. Wọ́n ti fi owó ránṣẹ́, wọ́n ní ká má jẹ́ kí òní kọjá ká tó já tíkẹ́ẹ̀tì Màámi nítorí ojoojúmọ́ ni iye rẹ̀ ń lé sí i. Wọ́n ti dá Eyínfúnjowó dúró sí ọsibítù torí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ẹnikẹ́ni má pè é. Ọ̀gá wà ní Ìrẹsà níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ àǹtí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti wò ó lẹ́nu iṣẹ́ yìí títí, kò sí ibi tó ń tẹ̀ tí mi ò mọ̀.

Mo pe ọkọ mi. Mo ní, "Orúkọ Màámi ńkọ́?"

"Ewo ni orúkọ Màámi? Màámi ni wọ́n ń jẹ́."

"Tóbi, mò ń ṣiṣẹ́ o."

"Dorcas. Dorcas Adébóyè. Kò ha wà lára káàdì wa ni?"

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo lẹ káàdì ìgbéyàwó wa mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Orúkọ àwọn òbí mi wà lápá òsì, Madam Dorcas Adébóyè sì wà lápá ọ̀tún, lábẹ́ ti olóògbé ọkọ wọn. Mo ń wò ó mo ń tẹ̀ ẹ́. Adébóyè, bíi tèmi báyìí. Inú mi dùn débi pé mo tẹ ti èmi náà sórí ìwé òfìfo kan, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo tún fà á ya.

Ọjọ́bọ̀ 27/11 ni wọ́n máa gbéra. Mo ra búrẹ́dì àti ẹja dídín dání lọ sílé.

Àìkú, 9/11

Òjò rọ̀, ó jọ pé òun ló máa kẹ́yìn. Ọkọ mi bu ẹran tiẹ̀ sínú àwo mi.

Ọjọ́rú, 12/11

Wòlíì tú aṣọ funfun náà lẹ́yìn ìsìn, ó fi pásípọ́ọ̀tù lé Màámi lọ́wọ́. Màámi nà án sí mi pé kí n ka físà náà fún àwọn.

Àwòrán wọn ni mo rí. Orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ ni Kọ́láwọlé. Lábẹ́ ìyẹn, Mojísọ́lá Àbẹ̀ní. Mo ṣí i padà sẹ́yìn, mo tún wo àwòrán náà. Mo ní, "Màámi, ta ni Mojísọ́lá?"

"Èmi ni."

"Dorcas ńkọ́?"

"Èmi náà ni. Orúkọ ìrìbọmi mi nìyẹn. Ọkọ mi ló gbé mi wá sínú ìjọ yìí, ibẹ̀ ni mo ti gbà á."

Mo sọ ohun tí mo ti ṣe fún wọn níbẹ̀, lórí àga. Wọn ò pariwo. Wọ́n wé pásípọ́ọ̀tù padà sínú aṣọ funfun, wọ́n ní ká máa lọ sílé.

Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti sọ bó ṣe rí. Eyínfúnjowó ló mú wọn lọ gba pásípọ́ọ̀tù nígbà tóun náà ń múra àtilọ. Wọ́n fẹ́ kọ Adébóyè, àwọn ará ibẹ̀ ní kí wọ́n mú ìwé ìgbéyàwó wá. "Mo ní orí ẹní ni wọ́n ti fà mí lé àwọn àna mi lọ́wọ́, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, gbogbo àdúgbò ló jẹun. Wọ́n ní ìwé dà. Ọkọ mi ti kú nígbà náà, ta ló fẹ́ jẹ́rìí? Wọ́n kọ orúkọ bàbá mi." Wọ́n rìn díẹ̀ sí i. "Mo ti ń dáná nílé Adébóyè kí wọ́n tó bí akọ̀wé yẹn. Lójú ìjọba, mo ṣì wà nílé bàbá mi."

Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi.

Ọjọ́bọ̀, 13/11

Ìbéèrè méjì ni ọ̀gá bi mí.

"Ṣé o fojú rí pásípọ́ọ̀tù náà kí o tó tẹ orúkọ?"

"Rárá, sà. Abẹ́ pẹpẹ ló wà."

"Níbo wá lo ti rí orúkọ?"

"Lára káàdì ìgbéyàwó mi, sà."

Ó wo káàdì lára ògiri, ó pẹ́ lórí rẹ̀. "Káàdì náà dáa. Kí màmá mú un dání lọ sí ẹ́ápọ̀ọ́tù, kí wọ́n fi wọ bàálù." Kò rẹ́rìn-ín. "Kíkẹ́, orúkọ tí a bá fojú rí là ń tẹ̀. A kì í tẹ èyí tí a gbọ́."

Ó pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà díẹ̀ ló yẹ̀, wọn ì bá tún un ṣe. Wọ́n ní èyí kì í ṣe àtúnṣe, ẹlòmíì ni. Ká fagi lé e, wọ́n á yọ tiwọn nínú owó, ìyókù á dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ká já òmíràn. Ọkọ̀ ti 27/11 sì ti kún.

Mi ò jẹun ọ̀sán.

Ẹtì, 14/11

Mo pe Bọ̀dá Ọládépò, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kò burú. Wọ́n ní owó kankan kò tún sí lọ́wọ́ àwọn kí oṣù tó parí. Oṣù á parí, ọmọ á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Màámi gbé garawa wọn jáde, wọ́n kó nǹkan inú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tún un tò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Àbámẹ́ta, 15/11

Mo ní kí ọkọ mi jẹ́ ká ta fíríísà.

Àwọn tí a jọ jáde ní sẹ́kọ́ńdírì ló dáwó rà á fún mi. Inú páálí ló ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ti sọ ibi tí mo máa gbé e sí, mo ti sọ pé yìnyín àti sóbò ni mo máa fi ṣe tà nígbà ọyẹ́ títí wọ inú ooru, mo tilẹ̀ ti dá orúkọ tí n ó kọ sára pátákó.

Ọkọ mi ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"A ò tíì tàn án rí. Kò tíì mọ̀ wá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ wá ẹni tó máa bá wa gbé e. Grace tó ń ta ohun mímu tútù nítòsí ṣọ́ọ̀bù wa ní Tákìe ló rà á. Ó dúró lórí iye kékeré bí ẹni pé ó fẹ́ já mi kulẹ̀, nígbà tó gbọ́ ìdí rẹ̀ ó fi díẹ̀ lé e. Ọkọ mi kó owó awọ tó fẹ́ fi lọ sọ́jà mọ́ ọn, ọ̀gá sì ní òun á fi ìyókù kún un títí owó tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ á fi padà dé.

Nígbà tí a padà délé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà fẹ̀ bíi pápá. Inú mi kò bàjẹ́. Ó yà mí lẹ́nu.

Ajé, 17/11

Ọ̀gá wá a títí. Ó rí àyè kan ní Àbámẹ́ta 29/11. Wọ́n á jókòó pẹ́ ní Addis Ababa kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ kejì, ṣùgbọ́n wọ́n á dé Kánádà ní Àìkú, ó ku ọjọ́ méjì kí ọjọ́ tí dókítà dá tó pé.

Kò tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní èmi ni kí n tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí pásípọ́ọ̀tù sílẹ̀ lórí tábìlì, ó gbé òkúta pẹlẹbẹ lé e kó má padé, ó ní kí n máa kà á sókè bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Orúkọ bàbá sí ibi tiẹ̀, orúkọ tara ẹni sí ibi tiẹ̀. Ó ní kí n tún un kà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ìgbà yẹn ló tó ní, "Tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́rú, 19/11

Màámi bá mi wá sí Tákìe lónìí láti wá gba tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn tó ń dúró de fọ́tò. Ọ̀gá gbé ìwé náà sókè, ó pè bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń pè, "Kọ́láwọlé Mojísọ́lá."

Màámi ń fi gèlè fẹ́ ara wọn.

Ó tún un pè. Màámi wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n wo obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Ẹni tí wọ́n ń pè yìí kò ṣe dáhùn? Àwọn kan máa ń fi àkókò èèyàn ṣòfò."

Ọ̀gá gbé ìwé sílẹ̀. Ó bi wọ́n jẹ́jẹ́, "Màmá, kí lorúkọ yín?"

"Ìyá Dámisí."

"Orúkọ yín gan-an, mà."

"Dorcas ni. Adébóyè ni wá."

Nígbà tí wọ́n jáde lọ ra omi, ó yíjú sí mi. "Ìyàwó, tíkẹ́ẹ̀tì ti bá pásípọ́ọ̀tù mu. Ó ku ẹni tó ni wọ́n."

Ẹtì, 21/11

Ìpàdé wà nínú àgbàlá lórí ẹni tó máa pe Màámi lórúkọ títí yóò fi mọ́ wọn lára. Ọkọ mi ní òun kò lè pe ìyá tó bí òun lórúkọ, kí ẹnikẹ́ni má bẹ òun. Ìyá Ràmọ́tà lè pè é, ìyálé ni wọ́n, ṣùgbọ́n èdè òyìnbó ni wọ́n máa fi bi Màámi ní ẹ́ápọ̀ọ́tù.

Ìyá Ràmọ́tà ní, "Òyìnbó? Ẹnu mi kò gbà á. Ìyàwó ló kàwé."

Mo ní, "Èmi kẹ̀? Màámi? Lórúkọ?"

"Kúnlẹ̀ kí o kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀. Tó o bá ti tọrọ tán, o kì í ṣe ìyàwó mọ́ títí o ó fi dìde níbẹ̀. Ọlọ́pàá ẹ́ápọ̀ọ́tù ni ẹ́."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ fún mi ní orúkọ yín kí n lò ó. Wọ́n ní àwọn fún mi. Mo jókòó sórí àpótí, mo la ẹnu, nǹkan kan kò jáde. Ìyá Ràmọ́tà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Orúkọ náà jáde nígbà tó yá, ó kéré bíi ti ọmọ tó ń ka ìwé mímọ́ níwájú ìjọ. Màámi ní, "Ta ló ń bá èkúté sọ̀rọ̀?"

Àìkú, 23/11

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi wọ́n, "What is your name?" Wọ́n dáhùn, "Mojísọ́lá Kọ́láwọlé, yẹ́ẹ̀sì, ọ́físà," wọ́n sì kí mi bíi sójà.

Ìṣẹ́gun, 25/11

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ti ń là.

Mo pè wọ́n láìrò tẹ́lẹ̀ lónìí, kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n á dáhùn nígbà tí ọkàn wọn kò sí níbẹ̀. Wọ́n wà ní yàrá ìdáná, wọ́n ń fẹ́ná. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti pè é sókè, "Mojísọ́lá."

Wọ́n ní, "Bàá mi."

Abẹ̀bẹ̀ dákẹ́. Mi ò wọlé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo gbọ́ tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ná.

Ẹtì, 28/11

Ọkọ mi parí àpò aláwọ kékeré tí Màámi máa fi kọ́ ọrùn, pásípọ́ọ̀tù àti tíkẹ́ẹ̀tì wọ inú rẹ̀ géérégé. A ó sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ ìjọ wa ní Èkó lónìí. Ìyá Ràmọ́tà ṣe àdúà, wọ́n ní lílọ ni ti wọn, bíbọ̀ ni ti wọn.

Àbámẹ́ta, 29/11

Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò ní rìnrìn àjò kọjá ẹnu ọ̀nà. Irin ló dá èmi àti ọkọ mi dúró. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ gba pásípọ́ọ̀tù Màámi, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó ń wo ọ̀kan ó ń wo èkejì. Ó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kan.

Màámi bojú wẹ̀yìn. Wọn ò wo ọmọ wọn, èmi ni wọ́n wò. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì. Wọ́n na ẹ̀yìn wọn ró, wọ́n kọjú sí i, mo rí ẹnu wọn bó ṣe ń pe orúkọ náà. Ó dá ìwé padà fún wọn, ó ní kí wọ́n wọlé.

Ọkọ mi dì mí lọ́wọ́ mú títí a fi dé gáréèjì. Mo fẹ́ràn ọkọ mi. Mo kọ ọ́ síbí kí n má gbàgbé láti máa kọ ọ́.

Àìkú, 30/11

Wọ́n pè kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Addis Ababa ni wọ́n ṣì wà, wọ́n ti wọ ọkọ̀ kejì, kò tíì gbéra.

"Kíkẹ́, mo sùn lọ. Àga ibẹ̀ rọ̀, mo sùn lọ pátápátá. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí sípíkà, oríṣiríṣi èdè, mi ò gbọ́ ọ̀kan. Mo wá gbọ́ Mojísọ́lá. Mo rò pé ìwọ ni. Mo ní 'Mò ń bọ̀,' mo dìde. Ká tó wí, wọ́n ní èmi nìkan ni wọ́n ń dúró dè, wọ́n ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn."

Mo fún ọkọ mi ní fóònù. Mo lọ jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí fíríísà wà tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́rú, 3/12

Obìnrin ni. Eyínfúnjowó wà dáadáa. Ọmọ ké, Màámi ní ká gbọ́ ọ, wọ́n sún fóònù mọ́ ọn lẹ́nu, gbogbo agbo ilé ló gbọ́. Ìyá Ràmọ́tà jó láìwọ bàtà.

Ìṣẹ́gun, 9/12

Ọmọ ti fi ọjọ́ mẹ́rin kọjá iye ọjọ́ tí èyí àkọ́kọ́ lò láyé. Màámi ló ka èyí, wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fò ó.

Ọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó fẹ́ já tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyá rẹ̀. Ó ti ń pe orúkọ. Mo ní kó lọ gbé pásípọ́ọ̀tù wá. Ọ̀gá kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó gbọ́.

Màámi pè ní ọ̀sán. Wọ́n ní ọmọ ti ń gba òrí sára dáadáa. Wọ́n ní gbogbo nọ́ọ̀sì tó ń wá wo Eyínfúnjowó nílé ló ń pe àwọn ní Mojísọ́lá. "Àwọn ọmọ kéékèèké, Kíkẹ́. Ọmọ tí mo lè bí ní àbíkẹ́yìn. Mojísọ́lá báyìí, Mojísọ́lá bọ́hùn-ún. Mo sì ń dáhùn." Ẹ̀rín wà lóhùn wọn. Wọ́n wá mú un kúrò níbẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí mo bá dé Ọ̀yọ́, kí n má gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ o."

Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, níwájú àwọn tó ń dúró de fọ́tò.

Mo ní, "Orúkọ wo, Màámi?"